Ìmọ̀-ẹ̀rọ àti ìṣètò iná orí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀

Ìṣètò iná orí ìtàgé ni iṣẹ́ yíyan ibi tí iná yóò ti tàn sí òṣèré, bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó, àwọ̀ tí yóò ní àti ìgbà tí yóò kú. Ẹ̀rọ tó bá wà nílẹ̀ ló ń pinnu bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun bẹ̀rẹ̀ ní 1968 lábẹ́ ìdarí Ọlá Rótìmí, Arúbídì sì ni ibùdó wọn. Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní apá inú ilé àti apá ìta tó ṣí sílẹ̀. Nínú ilé, a lè sọ ọ̀sán di òru. Níta, àfi kí ilẹ̀ ṣú kí iná tó níṣẹ́ ṣe.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gílóòbù halogen ni àwọn tíátà ń lò. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ló ń gbóná tó fi ń tàn, nítorí náà ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ń dà. Ọ̀rá aláwọ̀ ni wọ́n ń fi bo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ yóò gun àkàbà. Bí wọ́n bá dín in kù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa pọ́n bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, ẹwà tí LED, iná òde òní tí kò ní wáyà gbígbóná nínú, kì í ní fúnra rẹ̀.

LED ń po pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù pọ̀ láti mú àwọ̀ mìíràn jáde. Lábẹ́ DMX512, ìlànà fífi àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn iná orí ìtàgé, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986, okùn kan ṣoṣo lè gbé ọ̀nà àṣẹ 512. Olùṣètò lè jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó tọ́jú iná ìran kọ̀ọ̀kan pamọ́, kí ó sì pè é padà bí eré ṣe ń lọ.

Àwọ̀ aṣọ ni ibi tí ó ti yẹ kí a ṣọ́ra jù. Ìmọ́lẹ̀ tí a fi àwọ̀ mẹ́ta péré pò kò pé bíi ti oòrùn. Pupa àlàárì, àwọ̀ sányán àti aró àdìrẹ lè yí padà lábẹ́ rẹ̀, awọ ara òṣèré náà sì lè rí bíi ti aláìsàn. Ìdí nìyí tí àwọn LED kan fi ní funfun àti àwọ̀ ọsàn kún mẹ́ta náà. Ẹni tó bá mọyì iṣẹ́ aláṣọ òkè gbọ́dọ̀ gbé aṣọ eré sábẹ́ iná tí wọn yóò lò gan-an, kí ọjọ́ eré tó pé.

Halogen mẹ́wàá tó jẹ́ 1,000 wọ́ọ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 10,000. LED mẹ́wàá tó jẹ́ 200 wọ́ọ̀tì ń jẹ 2,000, èyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé bí wọ́n bá mú iná lọ. Ṣùgbọ́n iná tó ń lọ sókè sódò máa ń ba ẹ̀rọ inú LED jẹ́. Tí gílóòbù halogen bá jó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Tí inú LED bá bàjẹ́, ó sábà máa ń gba kí wọ́n sọ̀ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún àtúnṣe.