Open Baffle: Sípíkà Tí A Kò Bo Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ẹni tó fẹ́ràn orin, tó sì ń wá iṣẹ́ igi tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi pàdé ọ̀rọ̀ yìí: open baffle. Baffle ni pátákó tí a dá ihò sí, tí a wá de sípíkà mọ́ ojú ihò náà. Open ní tirẹ̀ ń sọ pé a kò kan àpótí sí ẹ̀yìn pátákó náà. Gbangba ni ẹ̀yìn sípíkà wà, ohùn sì ń jáde níwájú àti lẹ́yìn bákan náà. A lè pè é ní sípíkà aláìlápótí, orúkọ tí n ó sì máa lò nìyẹn. Ó rọrùn láti ṣe ju sípíkà alápótí lọ, pàápàá fún ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń so igun pákó mẹ́rin pọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ibi yọ. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, yálà ti ohùn tàbí ti igi, orí ẹ̀yìn tí a kò bò yìí ló dá lé, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ẹ̀yìn náà ń ṣe lè náwó sórí ojúlówó ìrókò kí ó sì máa gbọ́ orin tí kò ní béèsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí sípíkà ń ṣe. Òòfà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà tí a wé róbótó sì wà láàárín òòfà náà. Bí iná orin bá ti wọ inú wáyà yìí, yóò máa ti bébà ojú sípíkà, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní kóònù, síwájú, yóò sì tún máa fà á sẹ́yìn. Nígbà tí kóònù bá jáde síwájú, ó ń fún afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ pọ̀, lẹ́sẹ̀ kan náà ni ó sì ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò fi dẹ̀. Nítorí náà, ohùn méjì ni sípíkà kan ṣoṣo ń mú jáde. Agbára wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n wọ́n lòdì síra wọn: nígbà tí ti iwájú bá ń tì, ti ẹ̀yìn ń fà. Bí àwọn méjèèjì bá ráyè pàdé kí wọ́n tó dé etí wa, ọ̀kan yóò pa èkejì rẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Mushin ni mo ti kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí i. Mo mú sípíkà oní-ínṣì 8 kan, mo ní kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kí n gbọ́ ọ kí n tó sanwó. Ohùn tín-ín-rín ló jáde. Mo ń gbọ́ olórin, mo ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ketekete, ṣùgbọ́n gìtá béèsì kò sí níbẹ̀ rárá. Mo ti fẹ́ dá a padà nígbà tí bàbá náà ní, "Ẹ fara balẹ̀ ná." Wọ́n fa páálí ńlá kan yọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n fi bíléèdì gé ihò sí i láàárín, wọ́n sì gbé ojú sípíkà lé ihò náà gẹ́ẹ́. Béèsì dé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé páálí kúrò, béèsì lọ. Wọ́n dá a padà, béèsì dé. Wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ, wọn kò sì yí orin padà. Ohun tí páálí yẹn ṣe kò ju pé ó mú kí ọ̀nà tí ohùn ẹ̀yìn yóò gbà dé iwájú gùn sí i, iṣẹ́ tí baffle wà fún gan-an sì nìyẹn.

Ìdí tó fi jẹ́ pé béèsì ló ń sọnù, tí ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò sọnù, wà nínú gígùn ìgbì ohùn. Nínú ooru bíi ti Èkó, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 350 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà, ìgbì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35, pátákó tó fẹ̀ díẹ̀ sì lè dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìró tí tírànsífọ́mà àdúgbò máa ń ṣe nígbà tí iná bá wà: iná wa ń lọ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tírànsífọ́mà a sì máa gbọ̀n ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn ìgbà 100, tí ìgbì rẹ̀ fi gùn tó mítà 3.5. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41, ìgbì tirẹ̀ sì ju mítà 8 lọ. Lójú irú ìgbì bẹ́ẹ̀, pátákó tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ ní fífẹ̀ dà bí òpó kan ṣoṣo tí wọ́n rì sínú ọ̀sà: omi kàn yí i ká ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí ohùn ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni píparẹ́ náà ń le sí i. Láti ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí iye ìgbọ̀n bá dín sí ìdajì, ohùn yóò fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó) lọ sílẹ̀.

Èyí ló fà á tí àwọn tó ń ṣe sípíkà aláìlápótí fi máa ń lo sípíkà ńlá, oní-ínṣì 12 tàbí 15, fún béèsì: afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ó máa tì, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn píparẹ́ náà lè tó gbọ́. Àwọn mìíràn a máa fi apá pákó méjì kún ẹ̀gbẹ́ pátákó, tí yóò ṣẹ́ sẹ́yìn bí ìyẹ́, kí ọ̀nà ìyíká náà lè gùn láìjẹ́ pé pátákó gba gbogbo pálọ̀. Gbígbé sípíkà béèsì sún mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ń ràn án lọ́wọ́, nítorí ilẹ̀ dí ẹ̀gbẹ́ kan tí ohùn ì bá gbà yí ká.

Ẹnì kan lè béèrè ìdí tí a kò fi kúkú kan àpótí. Àpótí ní ohùn tirẹ̀. Ohùn ẹ̀yìn tí a sé mọ́ inú rẹ̀ ń lu ara ògiri rẹ̀ káàkiri, díẹ̀ nínú rẹ̀ a tún gba ara kóònù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn jáde, ògiri àpótí fúnra rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Sípíkà aláìlápótí kò ní èyí, ohùn olórin a sì máa jáde bí ẹni pé ó dúró sínú yàrá. Èmi gbà pé èyí tó ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ pàdánù béèsì díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe tuntun. Ọdún 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg ti ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí sípíkà tí kò lo fèrè ẹlẹ́nu gbàgàdà bíi ti giramafóònù, ẹ̀yà tí sípíkà òde òní ti jáde, wọ́n sì ti mọ̀ nígbà náà pé kóònù nílò pátákó. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀yìn rédíógíráàmù àwọn bàbá wa rí yóò rántí pé páálí líle oníhò wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi bò ó, tí ohùn ń gba ibẹ̀ jáde. Ìbátan sípíkà aláìlápótí ni. Nígbà tiwa, Siegfried Linkwitz, ẹnjiníà ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà, tó sì kú ní 2018, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ sórí irú sípíkà yìí.

Nígbà tí a bá fẹ́ ra sípíkà, nọ́ńbà kan wà tó yẹ kí a wò, Qts ni wọ́n ń pè é. Ó wà lára àwọn nọ́ńbà tí a fi orúkọ Neville Thiele àti Richard Small pè, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Ọsirélíà láti 1961 wọ àárín àwọn ọdún 1970. Qts ń sọ bí sípíkà ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu tó lẹ́yìn tí a bá ti tì í. Òòfà tó lágbára púpọ̀ ń mú kí nọ́ńbà yìí kéré. Irú sípíkà bẹ́ẹ̀ dára nínú àpótí, ṣùgbọ́n lórí pátákó lásán, béèsì rẹ̀ yóò tètè lọ. Èyí tí Qts rẹ̀ tó 0.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, sípíkà àtijọ́ kan tí òòfà rẹ̀ kéré, tí ẹlòmíràn kò kà sí ní Alaba, lè jẹ́ èyí tí a ń wá.

Wàyí o, igi. Hardwood, tí a sábà máa ń túmọ̀ sí igi líle, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí igi ṣe le tó lábẹ́ ayùn. Igi tó ní ewé pẹrẹsẹ ni àwọn onímọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igi bíi páìnì tí ewé rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí arère fi wà lára hardwood, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fúyẹ́ tí èékánná sì lè fi ojú sí i lára. Fún sípíkà, igi tó wúwo, tí kì í tètè gbọ̀n, ni a ń fẹ́: ìrókò, ọ̀gànwó tàbí apá. Ọ̀gànwó ni n ó gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti lò, nítorí ó gbọ́ràn sí ìfági lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ. Apá le púpọ̀. Ìrókò dára, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń yún ojú, imú àti awọ ara, ẹ má ṣe fá a láìfi nǹkan bo imú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun líle kan bí òkúta a máa wà nínú rẹ̀, tó lè ba ẹnu ayùn jẹ́ lójijì. Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, létí ọ̀sà, ni àwọn ará Èkó ti ń ra irú pákó wọ̀nyí fún ìgbà pípẹ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní kí iṣẹ́ gẹdú kó lọ sí Àgbówà.

Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kún fún omi, ìwà igi sì ni pé bí omi bá ń jáde lára rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa sún kì, gígùn rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó méjì-méjì kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ẹ sì máa gbé ọ̀kan nínú wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ni ó tó lò. Mo ṣe gbogbo èyí nígbà àkọ́kọ́, síbẹ̀ pátákó mi tẹ̀. Iwájú nìkan ni mo fi fáníìṣì kùn, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin títí ó fi ń dán, mo sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo rò pé ta ni yóò wò ó. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, ẹ̀yìn ń fa ọ̀rinrin mu, iwájú kò lè fà á, pátákó náà sì tẹ̀ kọdọrọ bí àwo, ó fa ìdè sípíkà kan yọ. Ó dùn mí gan-an. Iye ìgbà tí ẹ bá fi fáníìṣì kun iwájú ni kí ẹ fi kun ẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì de igi agbéró mọ́ ẹ̀yìn pátákó ní ìbú, ẹ má ṣe fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ẹ dá ihò súkúrúù rẹ̀ gbọọrọ, kí pátákó lè ráyè fẹ̀ kí ó sì sún kì.

Pákó oní-ínṣì 12 méjì, tí a fá etí wọn títí ìmọ́lẹ̀ kò fi kọjá láàárín wọn, tí a fi gúlúù funfun lẹ̀ pọ̀ tí a sì fi kíráǹpù fún mọ́jú, ti tó pátákó kan. Ẹ má dá ihò sí àárín gbùngbùn: bí ibi tí ihò wà sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ohùn ẹ̀yìn yóò dé láti ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan yóò sì máa yọ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ti pátákó kejì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì. Bí ẹ bá ń fi ayùn oníná kékeré gé ihò, ẹ dojú pátákó bolẹ̀, torí òkè ni eyín ayùn náà ń gé sí, ojú tó bá wà lókè ló sì ń ya. Lẹ́yìn náà, ẹ fá etí ihò náà dagun láti ẹ̀yìn, kí igi tó nípọn má baà sé sípíkà mọ́ bí ẹni tó wà nínú kànga. Ó gbọ́dọ̀ lè mí lẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò fún súkúrúù, kí ẹ sì fi ọṣẹ pa á, nítorí igi líle máa ń ṣẹ́ ẹ sínú.

Ó kéré tán, ẹ gbé e ní mítà kan sí ògiri ẹ̀yìn, kí ohùn tó ta padà lára ògiri lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé etí. Ní yàrá kan ṣoṣo tó ní bẹ́ẹ̀dì àti àga, mítà kan yìí nira, ẹni tí kò bá sì rí i, sípíkà alápótí ni yóò bá a mu. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aládùúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn ń gbọ́ orin bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ.

Ohun tó kẹ́yìn kí a tó tan orin ni wáyà. Bí sípíkà kan bá ń jáde nígbà tí èkejì ń wọlé, àwọn pátákó méjèèjì yóò máa pa béèsì ara wọn, bí iwájú àti ẹ̀yìn ṣe ń ṣe. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, ẹ fi orí rẹ̀ kan ẹnu wáyà pupa, kí ìdí rẹ̀ kan dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ sì máa wo kóònù. Bí ó bá ta síwájú, ó dára. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Èyí tó bá ta sẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tún fi bátìrì kàn án kí ẹ tó so ó padà mọ́ ẹ̀rọ.