Bakitéríà inú ìfun àti bí àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́

Àìmọye bakitéríà ló ń gbé inú ìfun ènìyàn. Yàtọ̀ sí pé wọ́n ń bá ara da oúnjẹ, ẹ̀rí ń pọ̀ sí i pé wọ́n lọ́wọ́ nínú bí àjẹsára ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká àwọn onímọ̀ lára jù ni àjẹsára tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Àjẹsára rotavirus, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó gbà á ní Yúróòpù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà, níbi tí àìsàn náà ti ń pa ọmọ jù, agbára rẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àìjẹunrekánú àti èròjà agbóguntàrùn tí ọmọ gbà lára ìyá wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi bakitéríà kún un: ní Ghana, bakitéríà ìfun àwọn ọmọ tí àjẹsára náà ṣiṣẹ́ fún jọ ti àwọn ọmọ Netherlands ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò ṣiṣẹ́ fún lọ.

Ọ̀nà kan tí èyí lè gbà ṣẹlẹ̀ ni flagellin, èròjà tí bakitéríà fi ń ṣe ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní TLR5 ni ara fi ń dá a mọ̀. Ní 2014, ikọ̀ Bali Pulendran ní Yunifásítì Emory rí i pé eku tí kò ní TLR5, tàbí tí kò ní bakitéríà rárá, kì í pèsè èròjà agbóguntàrùn tó bó ṣe yẹ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ fúlúù. Nígbà tó di 2019, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le ní oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́ náà. Àwọn tí ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ fúlúù tẹ́lẹ̀ nìkan ni àjẹsára náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa fún.

Ṣùgbọ́n ní Vellore, Íńdíà, oògùn apakòkòrò azithromycin dín àwọn bakitéríà aṣeniléṣe kù nínú ìfun àwọn ọmọ, síbẹ̀ àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n kán sí wọn lẹ́nu kò ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Àbájáde yìí wúwo púpọ̀, nítorí pé kí bakitéríà ọmọ méjì yàtọ̀ síra kò tíì sọ pé bakitéríà ló fà á.

Ìwádìí tó jáde ní Ọsirélíà ní 2025 kan àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n fún ní oògùn apakòkòrò. Ní oṣù keje, èròjà agbóguntàrùn wọn sí pneumococcus, tó ń fa òtútù àyà, kéré sí ti àwọn yòókù. Lára eku, Bifidobacterium, irú bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun ọmọ, dá agbára àjẹsára náà padà.