Ìwé Tó Ń Pa Ọ̀dọ́ Lẹ́kún: Ṣé Ó Yẹ Ká Sọ Ọ́ Di Fíìmù?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi n'Íjẹ̀bú-Òde yá ìwé ìtàn àròsọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé. Ọmọ ọdún 16 ni. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, mo gbọ́ ẹkún nínú yàrá rẹ̀, mo sáré wọlé, mo rò pé inú ló ń run ún. Ìwé ló ń kà. Ọmọbìnrin kan ní Ṣàgámù ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn inú ìwé náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìrora jí ọmọ náà lóru ọjọ́ kan, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má jí màmá àwọn, nítorí pé ó ti rẹ màmá jù. Ẹ̀gbọ́n gbà. Kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti lọ.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà kúkú lẹ máa ń kọ fíìmù," ló wí, ó ń nu ojú. "Ẹ sọ èyí di fíìmù, kí gbogbo ayé lè rí i."

Òótọ́ ni, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ ìwé eré fún àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá, wọ́n sì máa ń gbé ìwé ìtàn àròsọ wá fún mi pé kí n tún un tò fún fíìmù. Ìyá tó ń ta gààrí níwájú ilé wa ò fara mọ́ ọn rárá. Lójú tiẹ̀, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ dé orí tẹlifíṣọ̀n, torí ọkàn ọmọdé ò gbà á. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Èmi gbà pé ó yẹ ká máa ṣe wọ́n ní fíìmù, bí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá ti mọ ohun tí òun ò ní fi han ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ojú ewé kan nínú ìwé eré tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Fíìmù wákàtí méjì ò lè ju nǹkan bí ojú ewé 120 lọ, ọ̀rọ̀ inú ojú ewé wọ̀nyẹn ò sì pọ̀. Bí ìwé bá wá ní ojú ewé 300, ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ló máa bọ́ sílẹ̀. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ni èrò ọkàn, bẹ́ẹ̀ èrò ọkàn ni ìwé àwọn ọ̀dọ́ fi ń jẹ́ ìwé. Kámẹ́rà ò rí inú ènìyàn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ á ní kí ọmọbìnrin jókòó sójú fèrèsé, kí ohùn rẹ̀ sì máa ka ìwé náà sí wa létí. Òǹwòran á dìde lọ síbi omi.

Ká ní ìwé sọ pé: láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú, mi ò lè jẹun lójú màmá mi mọ́. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé. Màmá ń bu ìkọ́kọrẹ́. Ó bu ú sí abọ́ mẹ́ta, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó da abọ́ kẹta padà sínú ìkòkò, ó sì fi ọmọrí dé e. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó gba abọ́ tirẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó jáde. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ kankan. Ìran yìí ò tó ìṣẹ́jú kan, ó sì lè gba iṣẹ́ ojú ewé mẹ́wàá ìwé náà ṣe. Bí òǹkọ̀wé fíìmù ò bá rí irú abọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn kan, kó fi ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé.

Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tiwa, gbé eré orí ìtàgé rẹ̀, Aiyé, wọ inú fíìmù ní nǹkan bí 1979. Eré orí ìtàgé ti ní ara, ó ti ní ohùn àti ìlù. Iṣẹ́ tó dojú kọ Túndé Kèlání le ju ìyẹn lọ nígbà tó sọ Ó Le Kú di fíìmù ní 1997, nítorí pé ìwé ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ ní 1974. Ìfẹ́ àti ìdààmú àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní yunifásítì n'Íbàdàn ló dá lé. Èmi rò pé ó yọrí nítorí pé àárín ènìyàn sí ènìyàn ni ìrora ibẹ̀ wà: ìlérí, owú, àwọn òbí tó ń wádìí ọmọ ẹni tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́. Ojú rí i, etí gbọ́ ọ. Títí dòní, bí ẹ bá sọ fún aránṣọ Ìjẹ̀bú-Òde pé kó rán ìró kúkúrú Ó Le Kú fún yín, kò ní bi yín pé kí ni.

Ikú ni ibi tó le jù, pàápàá kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Jay Asher kọ ìwé Thirteen Reasons Why ní 2007, nípa ọmọ iléèwé kan tó pa ara rẹ̀, tó sì fi ohùn sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́. Netflix sọ ọ́ di eré àtìgbàdégbà ní 2017. Ìwé náà ò dúró lórí bó ṣe kú. Àwọn tó ṣe eré yí bó ṣe kú padà, wọ́n sì jẹ́ kí kámẹ́rà dúró tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn dókítà àti òbí figbe ta. Ní oṣù keje 2019, Netflix gé ìran náà kúrò. Ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn tó ń ṣe fíìmù. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣàfihàn ọ̀nà tí ènìyàn gbà pa ara rẹ̀, kí wọ́n sì fi han bí ẹlòmíràn ṣe rí ìrànlọ́wọ́.

Ẹni tó ń kàwé ló ń ya àwòrán náà fúnra rẹ̀, níwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Bó bá wúwo jù, á pa ìwé dé, á tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, á padà sí i lọ́la. Fíìmù ti yà á tán fún un, ó sì ti fi orin sí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn òǹwòran kì í rò. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, a ń ya fíìmù kan n'Íjẹ̀bú-Igbó. Ọmọbìnrin ọdún 17 kan ní láti sunkún lórí òkú àbúrò rẹ̀. A yà á láti òkèèrè, a ya ojú rẹ̀, a yà á láti ẹ̀yìn. Ariwo ẹ̀rọ ìlọta ba ohùn jẹ́, a tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀meje ló sunkún náà. Nígbà tí olùdarí ní ó tó, ọmọ náà ò lè dá ẹkún rẹ̀ dúró. Àbúrò rẹ̀ gan-an ti kú lọ́dún tó ṣáájú, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó bi í. Èmi ni mo kọ ìran yẹn. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ti ń kọ èyí. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń béèrè, mo sì máa ń kọ irú ìran bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀ẹ̀kan fi lè tó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo àmì ọjọ́ orí tí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà bá fi sí i: 12, 15 tàbí 18. Ẹ bá ọmọ yín jókòó wò ó. Bó bá sunkún, ẹ má sọ fún un pé fíìmù lásán ni. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé sú òun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì gba àdúrà nìkan: ẹ mú un lọ rí dókítà kíákíá.

Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé mo máa kọ́kọ́ wá ẹni tó kọ ìwé náà kàn, torí láìgba àṣẹ òǹkọ̀wé, òfin ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Mo ní bí wọ́n bá gbà, ìta yàrá ni kámẹ́rà máa wà lóru náà. A máa gbọ́ ohùn ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A máa rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára ilẹ̀kùn màmá, a máa rí i tó fà á padà.

"Ṣé a ò ní rí àbúrò rẹ̀ rárá, Àǹtí?"

"A ò ní rí i."

Ó dákẹ́. "Mo rí i nígbà tí mò ń kà á," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ kí bàtà iléèwé rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.