Ọmọ Tí Kì Í Yọ Òbí Aláìsàn Lẹ́nu

Nínú ilé tí òbí ti ń ṣàìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ọmọ tí kì í béèrè nǹkan ni gbogbo èèyàn máa ń yìn. Wọ́n á ní ó gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ìyìn yìí gan-an ló ń bo ohun tó ń ṣe ọmọ náà mọ́lẹ̀.

John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ará Ìlú Ọba, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1969 pé ààbò ni rírọ̀ tí ọmọ ń rọ̀ mọ́ òbí. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ké. Bí wọ́n bá dá a lóhùn, ara rẹ̀ á wálẹ̀, á padà sídìí eré. Bí ẹ̀rù òbí fúnra wọn bá wá ń ba ọmọ ńkọ́, pé kí wọ́n má lọ kú? Kò ní ké mọ́. Á máa ṣọ́ wọn.

Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, á kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń mí kó tó kàn án. Bó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, á ká ìwé èsì náà sísàlẹ̀ báàgì, torí ojú Màmá ò dáa lónìí. Iṣẹ́ ọdẹ aṣọ́lé ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọdẹ a máa lọ sùn bílẹ̀ bá mọ́. Ta ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí? Ó ń ṣọ́ nínú kíláàsì, ó ń ṣọ́ lórí pápá, títí inú á fi máa run ún, tí oorun á sì dá lójú rẹ̀.

John Rolland, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, pín ìrìn àìsàn sọ́nà mẹ́ta: èyí tó ń le sí i, èyí tó dúró sójú kan, àti èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni kì í jẹ́ kí ọdẹ kékeré náà tòògbé. Orúkọ tí Yorùbá fún ọ̀kan nínú irú rẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde, ti sọ ọ́ tán: ọjọ́ tí ara yá gan-an, ọkàn ò balẹ̀.

Kì í ṣe pé kọ́mọ ṣèrànwọ́ burú. Bí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ń ráyè ṣeré, ó lè sọ ọ́ di akíkanjú. Ohun tó burú ni kí àgbà máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí wọ́n ní ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan. Ó mọ̀. Èyí tí kò mọ̀, á fi èrò ara rẹ̀ dí i. Ọmọ kékeré lè gbà pé ìjàngbọ̀n òun ló fa àìsàn náà.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ: "Ìwọ kọ́ lo fà á. Dókítà ń tọ́jú mi. Bí ara bá tún le, Àǹtí ẹ ló máa wá mú ẹ nílé ìwé." Ọmọ tó gbọ́ èyí, tó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kó máa ráhùn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ará ilé á ní ó ti ń bàjẹ́. Ọkàn rẹ̀ ló ń balẹ̀.