Ìdí Tí Tetracycline Kò Fi Ń Wo Làpálàpá

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í wá béèrè kápúsù Tetracycline lọ́wọ́ àwa apoògùn fún làpálàpá. Bakitéríà ni kápúsù náà wà fún, ṣùgbọ́n fọ́ńgáì, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, ló ń fa làpálàpá.

Inú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ohun alààyè ni ráíbósóòmù wà, òun ló sì ń to amínò ásíìdì pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, títí wọn yóò fi di purotéènì. Ráíbósóòmù bakitéríà yàtọ̀ sí tiwa, nítorí náà Tetracycline lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró láìpa wá lára. Ti fọ́ńgáì kò rí bẹ́ẹ̀: ó jọ tiwa débi pé oògùn tó bá kọlù ú lè ṣe aláìsàn náà léṣe. Abájọ tí Fluconazole, oògùn fọ́ńgáì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ba awọ sẹ́ẹ̀lì fọ́ńgáì jẹ́, tí wọn kì í sì í fọwọ́ kan ráíbósóòmù.

Àlàfo díẹ̀ wà ṣá o. Fọ́ńgáì ní purotéènì kan, eEF3, tó ń ran ráíbósóòmù rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí ènìyàn kò ní rárá. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn olùwádìí tẹra mọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí oògùn lórí àtẹ tó ń lò ó. Èyí tó ti dé orí àtẹ ni Tavaborole, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2014 fún èékánná ẹsẹ̀ tí fọ́ńgáì wà nínú rẹ̀: ó ń dènà kí amínò ásíìdì tí à ń pè ní leucine má baà dé ọ̀dọ̀ ráíbósóòmù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kán an sí èékánná fún ọ̀sẹ̀ 48, síbẹ̀ àwọn tí èékánná wọn mọ́ pátápátá kò tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tó náwó lé irú rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ èékánná náà wò ní lábù, nítorí kì í ṣe gbogbo èékánná tó nípọn ni fọ́ńgáì wà nínú rẹ̀.

Oògùn àtijọ́ kan, Flucytosine, ni mo kà sí jù. Inú fọ́ńgáì ló ti ń di májèlé tó ń ba RNA, ìtọ́ni tí ráíbósóòmù ń tẹ̀lé, jẹ́, tí purotéènì kò fi ní ṣeé ṣe mọ́, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tó ń yí i padà. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń dámọ̀ràn rẹ̀ pẹ̀lú Fluconazole fún ọjọ́ 14, pa pọ̀ mọ́ ìwọ̀n ńlá kan ṣoṣo ti liposomal amphotericin B, oògùn fọ́ńgáì mìíràn, fún àwọn tó ní kòkòrò HIV tí fọ́ńgáì Cryptococcus sì fa yírùnyírùn sí lára. Wọn kì í lò ó lóun nìkan, torí kíákíá ni fọ́ńgáì máa ń kọ́ bí yóò ṣe borí rẹ̀. Àwọn bakitéríà inú ìfun náà lè sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di májèlé kan náà, ìdí sì nìyẹn tí dókítà fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò léraléra títí yóò fi lò ó tán.