Láfún, Bàrómítà àti Ọ̀gágun Eisenhower

Wọ́n máa ń sọ pé tẹ́tẹ́ ni Eisenhower, ọ̀gágun tó ń darí ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó bá wọn jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ta ní oṣù kẹfà ọdún 1944, pé ó kàn dìde láàárín ìjì, ó ní "ó yá", ọmọ ogun sì kọrí sí Normandy, etíkun Faransé tó wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà náà. Àbọ̀ òótọ́ ni.

Ẹni tó bá ti sá láfún sórí àpáta rí mọ̀ pé kì í ṣe òòrùn lèèyàn ń ṣọ́, ìhà tí òjò ti ń ṣú bọ̀ ni. Bí aládùúgbò tó wà lápá ibẹ̀ bá ti pariwo pé ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, ẹ̀kán kan ò ní tíì kán tí ọlọ́gbọ́n á fi máa kó láfún ẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá ìwọ̀-oòrùn ni ìjì sábà máa ń gbà wá. Blacksod, ibùdó tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ létíkun Ireland, ló pariwo. Ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, ọjọ́ tí Maureen Flavin, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, pé ọmọ ọdún 21, ni bàrómítà tó ń kà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ sí, bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, àmì pé ìjì ń bọ̀. Wọ́n pè é láago pé kó tún un kà. Ó tún un kà, kò yí padà.

Bí ọjọ́ 5 tí wọ́n dá láti kọlu Normandy ṣe yẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ kan ti wà lójú omi, wọ́n ní kí wọ́n padà.

Wọn ò sì lè dúró títí. Àwọn tó máa fi páráṣúùtì bọ́ sílẹ̀ lóru fẹ́ òṣùpá. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fẹ́ kí òkun fà sẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, kí wọ́n lè rí irin tí Jámánì rì síbẹ̀. Ọjọ́ 5 sí 7 nìkan ni méjèèjì bára mu. Bó bá kọjá ìyẹn, ó di bí ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí òṣùpá.

Ikọ̀ mẹ́ta ló ń wo ojú ọjọ́, orí tẹlifóònù ni wọ́n sì ti ń bára wọn jiyàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá ọdún àtijọ́ tó jọ ti ìsinsìnyí (bí ẹni ní òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá), wọ́n ní ọjọ́ 5 á dáa. Petterssen, ọmọ Norway tó wà nínú ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní irọ́ ni. James Stagg, olórí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ fún Eisenhower, ló gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹ̀ di ohùn kan fún ọ̀gágun. Ní alẹ́ ọjọ́ 4, òjò ń lu fèrèsé Southwick House, ilé tí Eisenhower ti ń darí ogun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wọlé tó ní òjò máa dá díẹ̀ tó fi máa di ọjọ́ 6.

Kí ló jẹ́ kí Eisenhower gbà á gbọ́? Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ló ti ń ní kí Stagg máa sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí, tí wọ́n á sì fi wé bó ṣe rí gan-an. Ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà lè gbé e dé. Ìyẹn kì í ṣe tẹ́tẹ́.

Òkun ọjọ́ 6 ò sì dáa. Èébì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun bì débẹ̀. Àmọ́ Jámánì ò fi bẹ́ẹ̀ ní aládùúgbò kankan lápá ìwọ̀-oòrùn tó máa pariwo fún wọn. Rommel, ọ̀gágun Jámánì tó ń ṣọ́ etíkun náà, ti lọ sílé, ó ń bá ìyàwó ẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí.