Jínótáìpù ọmọ jẹ́ AA, kí ló wá ń tán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Kubwa ni mò ń gbé. Ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́fà, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mejì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tún funfun báláú. AA ni, kò sì ní ibà. Dókítà ní ó lè jẹ́ jíìnì RPS19. Kí nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. AA kàn ń sọ pé kì í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde ni. Àrùn tí dókítà ń fura sí ni Diamond-Blackfan, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa tó, tí wọ́n fi orúkọ àwọn dókítà méjì tó ṣàlàyé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938 pè. Ọdún 1999 ni wọ́n tó mọ̀ pé jíìnì RPS19, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, wà nídìí rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ní in ló jẹ́ pé jíìnì yìí ló bàjẹ́ lára wọn.

Inú ráíbósóòmù ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe gbogbo purotéènì rẹ̀. Ọgọ́rin purotéènì ló para pọ̀ mọ́ ohun mìíràn di ráíbósóòmù kan, RPS19 ló sì ń ṣètò ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀dà jíìnì náà méjì la ní. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, agbára èyí tó kù kì í ká iṣẹ́ náà.

Ìbéèrè: Ṣebí gbogbo ara ló ń lo ráíbósóòmù. Kí ló dé tó fi mú ẹ̀jẹ̀?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti díjú. Sẹ́ẹ̀lì tó máa di ẹ̀jẹ̀ pupa ń yára pín nínú mùdùnmúdùn eegun, ó sì nílò purotéènì kan tó ń jẹ́ GATA1 kó tó lè dàgbà. Bí ráíbósóòmù ò bá tó, GATA1 á dínkù ju ọ̀pọ̀ purotéènì yòókù lọ, sẹ́ẹ̀lì á sì kú láìtíì gbó. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan: nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà ló ń ní àbùkù lára àtàǹpàkò, àjà ẹnu tàbí ọkàn.

Ìbéèrè: Àwọn àna mi ní ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ jọ ṣe àyẹ̀wò, torí òbí lè ní in láìmọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ó ní ìtọ́jú?

Ìdáhùn: Ó ní. Oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù ń ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, àmọ́ àwọn dókítà sábà máa ń dúró kí ọmọ tó ọdún kan kí ó má bàa dí ìdàgbà rẹ̀ lọ́wọ́. Títí dìgbà náà, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, ó lè wo àìtó ẹ̀jẹ̀ náà sàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ fún un ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ jíìnì tòun náà wò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra blood tonic fún un ní kẹ́mísì. Áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà inú blood tonic, kọ́ ló ṣaláìní. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí i lára ń kó áyọ́ọ̀nù jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀. Ẹ ní kí dókítà máa yẹ ferritin rẹ̀ wò, èyí tó ń fi bí áyọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ tó lára hàn, kó lè mọ ìgbà tí oògùn tó ń fọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára máa bẹ̀rẹ̀.